Iyọ̀ Ìsọmọlórúkọ

Lásìkò ogun, nígbà tí à ń tò fún iyọ̀ nítòsí téṣàn rélùwéè l'Ọ́fà, mo gbọ́ tí màmá àgbà kan bi tíṣà obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ léèrè:

"Ìyàwó, kí ni síkéésì tí gbogbo yín ń pè yìí?"

"Òyìnbó ni, Ìyá. Bí nǹkan ò bá lè kárí ni wọ́n ń sọ ọ́."

"Iyọ̀ tèmi á kárí. Lọ́la la ó sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ. Bíńtín ló kù nílé, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò ní fi kan ahọ́n."

"Kí lẹ wá ń tò fún?"

"Ti ọbẹ̀ ni. Wọ́n á tọ́ iyọ̀ wò láàárọ̀ kí ayé ọmọ lè dùn, wọ́n á sì jẹ ọbẹ̀ àtẹ́ lọ́sàn-án."

Tíṣà ní, "Ìyá, ìyẹn gan-an ni síkéésì."