Orúkọ Ọkọ̀ Tí Wọn Ò Kàn

Ẹ má ní kí n jókòó, Bọ̀dá Weston! Kí n jókòó ṣe kí ni? Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ tí Démọ́lá ọmọ mi fẹ́ kí ẹ sọ ọmọ ẹ̀ lọ́la? Alderwick! Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ọkọ̀ ogun ni. Mo ní ó dáa, ogun wo ló jà? Ó ní kò ja ogun kankan o, wọn ò kàn án rárá!

Háà! Mo gbé!

Ó ní nígbà ogun Hitler ni wọ́n fẹ́ kàn án, kó máa sin àwọn ọkọ̀ ẹrù sọdá òkun, kí ọ̀tá má baà rì wọ́n. Wọ́n ti yàwòrán ẹ̀, wọ́n ti fún un lórúkọ, nígbà tí ogun wá ń rọlẹ̀, wọ́n pa á tì. Kò fẹsẹ̀ kan omi rí! Àwòrán yẹn ló gbé kọ́ sí bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé wọn ní Ajax, mo rò pé eré ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, kí ló rí nínú ilé wa tó fi lọ ń wo òkun?

Kí lẹ wí? Orúkọ òyìnbó lásán? Ẹ jọ̀ọ́ o! Kó jẹ́ Peter, kó jẹ́ Mukhtar, ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti wáyé rí. Ó tún ń bá mi jiyàn, "Mummy, it never sank." Wo ọmọ yìí! Èyí tí kò wáyé, báwo ló ṣe fẹ́ rì?

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀. Ìṣojú yín ni, n'Ìbàdàn, nígbà tí àwọn sọ́jà ń wá ọkọ mi, àbúrò yín, kiri, tó sọ oyún inú mi lórúkọ kó tó sá lọ, ó ní bóun ò bá padà, kí n ti mọ ohun tí n ó máa pè é. Òun padà. Ọmọ ni kò dúró. Dòní olónìí, ẹnu mi ò lè pe orúkọ yẹn, kò sì kúrò létí mi! Démọ́lá ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀, ẹ wá ń ní kí n rọra!

Mi ò rọra! Ọwọ́ yín lọmọ máa wà lọ́la. Tórúkọ yẹn bá jáde lẹ́nu yín, Ọlọ́run ń gbọ́, màá já a gbà lọ́wọ́ yín níṣojú pásítọ̀! Eléyìí wá, Bọ̀dá mi. Ó wá! Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ igbe ẹ̀. Ẹ fún un lórúkọ ẹni tó dé!