Dòdò Ń Bọ̀

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé wa kúrò ní Enugu Road, nílẹ̀ Hausa, ni màmá àgbàlagbà kan ti ń rojọ́ fún obìnrin tó jókòó tì í.

"Ọmọ ọmọ mi ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì wá. Mo dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn. Nígbà tó jinná, mo fi Hausa sọ pé kí wọ́n jókòó, dòdò ń bọ̀."

"Háà, Màmá. Ṣé ẹ gbàgbé Dodo inú àlọ́ Hausa, ẹbọra tó ń gbé èèyàn mì? Ó ti wà nínú kátúùnù orí fóònù báyìí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lọ́kàn mi. Kí n tó gbé àwo jáde, wọ́n ti sá dé títì. Ọmọ ọmọ mi nìkan ló kù, ó ń gbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Ta ló wá jẹ dòdò náà?"

"Èmi ni. Mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, kó lè rí i pé oúnjẹ ni. Ó wá lọ sọ níléèwé pé ìyá àgbà òun jẹ Dodo tán, ó tún lá ọwọ́."

"Ọmọ yẹn ti bà yín lórúkọ jẹ́."

"Rárá o. Àwọn ọmọ tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ báyìí, láti òdìkejì títì."