Ìró Ife Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbọ́

Kó, kó, kó. Ìró ṣíbí lára ife tánńganran nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, òkun ló wà láàárín èmi àti ibi tí wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń ro tíì nítòsí mi, ara mi á bù máṣọ. Mo ti di arúgbó. Dókítà tó ń tọ́jú àyà mi ti rọra sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa pẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi: òtítọ́ tí mo gbé mì nígbà ọ̀dọ́, kí n bì í jáde kó tó bá mi wọlẹ̀.

Ìyá wa ló ni ife náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní kí wọ́n máa fi ṣíbí lù ú bí wọ́n bá fẹ́ nǹkan. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá iwájú ló ti ń ránṣọ, ògiri kan péré ló wà láàárín ẹ̀rọ rẹ̀ àti ibùsùn ìyá. Èmi ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Èmi ni mo ń kó kọ́kọ́rọ́ wọ́ọ̀dù kiri, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lábẹ́ dókítà àgbà ibẹ̀. Dókítà Ẹ̀rí-Dà là ń pè é lẹ́yìn, nítorí bí o bá wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù tó o ní òjò ń rọ̀, á bi ọ́ pé, "Ẹ̀rí dà?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi ni ìṣọ́ kàn. Ìyá sùn. Mo ní ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ lọ rí nírọ̀lẹ́, irun mi sì ti kún bí igbó. Onígbàjámọ̀ wà ní òdìkejì òpópó, fèrèsé ìyá ló dojú kọ. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa rí mi, mo ní kí n sáré lọ, kí n sáré bọ̀. Ó ti fá ìdajì orí mi nígbà tí ife bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Abẹ dúró lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ìyá ń pè ọ́ o." Mo ní, "Ẹ parí ẹ̀, jàre. Ṣé bí oko tí ewúrẹ́ jẹ kù sílẹ̀ ni kí n ṣe bọ́ sí títì?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá rẹ ti mọ orí yìí kó tó hu irun." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi wò ó: mo rẹ́rìn-ín. Ife ń dún. Ó yára, ó falẹ̀, ó dún ẹyọ kan, ó dákẹ́. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti padà sùn." Ó nu ọrùn mi, ó gbé dígí fún mi, mo sì wo ara mi níwájú lẹ́yìn kí n tó dìde.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá ti yọ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí, itọ́ ti há wọn lọ́fun, ife wà nílẹ̀. Ojú wọn kọ sí ẹnu ọ̀nà. Kí n tó sunkún, ọwọ́ mi ti ṣe ohun tí n kò rán an: ó mú ife, ó mú ṣíbí, ó tì wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Ìgbà náà ni mo wá figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi sáré wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Mo ní, "Ọwọ́ mi ni wọ́n kú sí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo di ọwọ́ wọn mú."

Àṣé ó ti gbọ́. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tẹ́tí, ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Àbúrò mi wà níbẹ̀," ó sì tẹ ẹ̀rọ lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú ó bi mí pé, "Ọmọ ìyá mi, bí o bá wà níbẹ̀, kí ni ìyá ń lu ife sí tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Ife wo?" Ó ní, "Ife tó dún." Mo ní, "Ife kankan ò dún o." Ó wò mí lójú, ó gbé ojú sókè sí orí mi. "Ta ló fá irun fún ọ lọ́jọ́ náà?" Mo ní, "Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti fá a. Àárẹ̀ ló ń ṣe yín, ẹ lọ sùn." Kò sùn. Kò jẹun mọ́. Á lọ gbé etí lé ògiri yẹn, á dúró bẹ́ẹ̀ títí. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá bá mi níbi iṣẹ́. "Àna mi, ìwọ lo kọ́ nípa nǹkan yìí. Kí ni ká ṣe?" Òtítọ́ ò ju gbólóhùn kan lọ lẹ́nu mi nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn wá sọ́dọ̀ dókítà wa."

Dókítà ti kọ́ wa pé ohun mẹ́ta ló ń pàdé kí ọkàn ènìyàn tó dàrú: ohun tó bá nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí, àti ohun tí àwọn tó yí i ká ń ṣe sí i. Kò mọ̀ pé ẹ̀kẹta jókòó níwájú òun, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ òdì ni èyí tí kì í ṣe òótọ́, tí àlàyé kankan ò sì lè yẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé, "Ta ló ń sọ fún yín pé kì í ṣe òótọ́?"

Nígbà tí a gbé ẹ̀gbọ́n mi dé, dókítà bi í ní ọjọ́ àti oṣù, ó dáhùn. Ó wá ní kó túmọ̀ òwe, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú kì í mọ inú òwe, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń rí. "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, ó ti gún mi lójú. Ẹni tó gbé igi ni kí ẹ bi." Ó sì yíjú sí mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín sínú. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáhùn ohun tí a bi í. "Ẹ̀rí dà pé ife dún?" Ó ní, "Mo gbọ́ ọ." "Ife náà dà?" "Kò sí nílé mọ́. Ìyẹn ò ya yín lẹ́nu? Ẹ tún wo irun orí àbúrò mi…" Dókítà gbọ́wọ́ sókè. "Ife. Ògiri. Irun." Ó mi orí tàánútàánú, ó kọjú sí mi. "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé ife dún?" Mo wo bàtà mi. "Kò dún, sà."

Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù yẹn kò ní ibi ìdìmú lápá inú. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ṣe ti di àìsàn: bó sunkún, àìsàn ni, bó dákẹ́, àìsàn ni, bó bínú pé ara òun le, wọ́n ní ìyẹn gan-an ló burú jù. Oògùn mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Ní yàrá iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ wo àwọn aláìsàn sàn, mo rí aránṣọ tó ń lé ojú abẹ́rẹ́ kiri bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó na òwú sí mi. "Bá mi fi bọ̀ ọ́." Mo fi bọ̀ ọ́. Èmi náà há: bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún un, ara mi ni màá tì mọ́lé. Mo lọ bá onígbàjámọ̀, kí n lè mọ̀ bóyá á sọ ohun tó mọ̀. Ó ń pọ́n abẹ, kò gbójú sókè. "Èmi ò mọ nǹkan kan, irun ni mo mọ̀. Àmọ́ ìwọ ńkọ́, o kì í gbọ́ ife yẹn?"

Dókítà máa ń jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, á fi sùúrù ní kó gbé èrò rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kí ló gbè é, kí ló takò ó. Ènìyàn rere ni. Òṣùwọ̀n rẹ̀ tọ́. Èmi ni mo jí òkúta inú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ti ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi na ìka láàárín irin fèrèsé, ó mú mi lápá. "Ọmọ ìyá mi, mi ò bá ọ jà mọ́. Ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ lọ rí ọmọ mi. Sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni ń sọ fún ìyá wa. Bí o bá ní kò dún, màá gbà pé etí mi ló bàjẹ́. Ìwọ ṣáà ni mo pọ̀n dàgbà." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ibẹ̀ ni mo ti pa á. Ti ìyá, àìbìkítà ni. Ti ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀rù ni. Ti ìrọ̀lẹ́ yìí, kò sí ẹni tó ń wò wá. Mo ní, "Kò dún, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní, "Ó dáa. O ṣeun." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o! Dókítà yọ̀, ó ní ó ti ń yé e, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kó máa lọ sílé.

Mo ré kọjá òkun, mo gbé ife dání. Mo di àgbà nọ́ọ̀sì, àwọn ènìyàn ń kí mi pé mo mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí aláìsàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó pe ìgbàgbọ́ ẹnìkan ní òdì, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sọ fún yín pé òdì ni. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Bàbá, màmá tún ti bẹ̀rẹ̀ o." Iná ló ṣẹ́ yọ nílé ìdáná. Àwọn aládùúgbò kan ilẹ̀kùn títí, kò ṣí. Wọ́n já a kí wọ́n tó gbé e jáde, ọwọ́ rẹ̀ kan sì jóná. "Mo bi màmá pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí àwọn lè bi bóyá òótọ́ ló ń dún." Bí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ nìyẹn. Bí aago bá dún, á wojú ọmọ: "Ṣé ó dún, àbí etí mi ni?" Ọmọ náà ń sunkún. "Dókítà tó ń tọ́jú wọn báyìí fẹ́ gbé wọn lọ sílé tí wọ́n ti ń ti àwọn arúgbó mọ́. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù, Bàbá. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ sórí fóònù, màá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ." Kọ́kọ́rọ́ tún ti padà sọ́wọ́ mi. Mo gbé àpótí sílẹ̀, mo tú u dé ìsàlẹ̀. Mo tan fóònù, mo gbé ife sí ẹnu rẹ̀, mo mú ṣíbí. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Kó, kó, kó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ọ, àbí? Ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Ó dún. Ó dún lọ́jọ́ náà títí ó fi rẹ ìyá. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo wà pẹ̀lú ààbọ̀ orí. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì lọ. Ife náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ìwọ ọmọ mi, gbé ọ̀rọ̀ yìí fún dókítà: èmi ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbà gbọ́, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí bó bá wù yín, bí kò bá wù yín, ẹ má ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn lónìí, ẹ dìde, kí ẹ ṣí i. Etí yín ò bàjẹ́ rí."