Ìgò Inú Iyanrìn Tútù

Lórí ìlà tí a tò láti tan àbẹ́là ní ihò àpáta Arigbo, níbi tí àwọn ìjọ Àgùdà ti ń gbàdúrà, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti àbúrò rẹ̀.

"Ọmọ mi pè láti Paris. Ó ti rí ẹlẹ́rìndòdò ọ̀pẹ̀-òyìnbó tiwa rà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ̀ nígbà náà!"

"Ọdọọdún ló ń sọ pé òun ń bọ̀ wá mu ún. Lọ́dún yìí, kò sọ ọ́. Nígbà tí ilé ti lọ bá a lọ́hùn-ún, kí ni yóò tún wá wá nílé?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹlẹ́rìndòdò ló bí i ni?"

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti ri ìgò méjìlá mọ́ iyanrìn tútù lẹ́bàá àmù, bí mo ti máa ń ṣe dè é. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."