Àdúrà Tí Mi Ò Gbà fún Ìyá Ròsálì

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ní Sátidé tó ṣáájú Àìkú àkọ́kọ́ nínú Avent ọdún tó kọjá, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mò ń sọ ọ́ fún yín báyìí nítorí pé obìnrin kan fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí irọ́ mi, àti nítorí pé ẹ ò mọ ojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ifangni ni mo ń gbé, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Mo ti gba lìsáǹsì, ìwé ẹ̀rí àṣeyege, ní yunifásítì, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí iṣẹ́. Ní àsìkò Avent, tí àwa Kátólíìkì fi ń múra ọkàn sílẹ̀ de ọjọ́ ìbí Jésù, ìjọ àdúgbò wa ní àṣà kan tí a ń pè ní ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀. A ó kó orúkọ gbogbo wa sínú igbá, oníkálukú á mú ọ̀kan. Láràárọ̀ títí di Kérésì, wàá máa ka Rósárì fún ẹni tí o mú, wàá sì yẹra fún ohun kan tí o fẹ́ràn láti jẹ nítorí rẹ̀. O ò gbọdọ̀ sọ fún un. Lẹ́yìn Mísà alẹ́ Kérésì ni wàá lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, tí wàá gbé ọwọ́ lé e léjìká, kó lè mọ̀ pé ìwọ ni.

Orúkọ Ìyá Ròsálì ni mo mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Opó ni, epo pupa ló ń tà. Ohun tó ń dùn ún kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: Ròsálì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bínú kúrò nílé, ó ti ré kọjá ààlà sí Nàìjíríà, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mi ò gbàdúrà fún un. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mò ń bínú ni. Mo ti gbàdúrà iṣẹ́ títí ó fi sú mi, bí mo bá sì ń kọjá lọ, àwọn ọlọ́kadà sémíjáǹ á máa pariwo pé, "Mùsíé Lìsáǹsì! Ṣé bíúrò lẹ ń lọ ni?" Mo wá rò ó pé bí Ọlọ́run kò bá gbọ́ tèmi, kí ló dé tí màá fi máa yọ Ọ́ lẹ́nu nítorí ẹlòmíràn? Mi ò ka Rósárì kankan. Ẹran tí mo ní mi ò ní jẹ, mo jẹ ẹ́. Ẹ má rò pé ó dùn mọ́ mi o. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Kérésì kù díẹ̀, Ròsálì dé. Ó gbé ọmọ pọ̀n.

Lálẹ́ ọjọ́ Mísà náà, mo fẹ́ sá lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá, òun nìkan ni kò ní rí ọ̀rẹ́ nínú gbogbo ìjọ. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó yíjú padà, ó wò mí, ó bú sẹ́kún.

"Ìwọ ni! Ọmọ mi, ìwọ lo bá mi pè é wálé!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rín yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ló wá gbàdúrà náà? Ṣé Ọlọ́run máa ń dáhùn àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò gbà? Mo bi Ròsálì níjọ́ kan pé kí ló mú un padà.

Ó ní, "Àbúrò, èmi náà ò mọ̀. Aṣọ ọmọ ni mò ń fọ̀ lọ́wọ́, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?"

Avent ti tún dé. Wọ́n rí kókó ní ọmú Ìyá Ròsálì ní ọsibítù kan ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa. Dókítà ní kó wá fún iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kó má fi falẹ̀ rárá. Ó kọ̀. Ó lọ bá katikísì wa, olùkọ́ ìjọ, pé kí wọ́n má wulẹ̀ fi orúkọ òun sínú igbá lọ́dún yìí, kí wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní àdúrà tó mú Ròsálì wálé kò ní ṣàì tú kókó ká.

Mo lọ bá a lánàá. Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, mi ò gbàdúrà fún yín lọ́dún tó kọjá. Ẹyọ kan báyìí, mi ò gbà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ ká mọ oore tí òun ṣe. Ròsálì, wá wo ìrẹ̀lẹ̀!" Ó bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn díẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù.

Láàárọ̀ òní, mo ka Rósárì fún un, àkọ́kọ́ rèé. Mo dákẹ́ láàárín rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo ṣe ń kà á ni mò ń dì í mú nílé, kó má lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo tò síbi ìjẹ́wọ́ lọ́dọ̀ Fadá lọ́sàn-án, ó ku ẹnì kan kó kàn mí, mo bá kúrò lórí ìlà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀? Ṣé kí n dìde lójú gbogbo ìjọ ní Mísà Àìkú lọ́la, kí n sọ ọ́ débi tí kò ní lè fi rẹ́rìn-ín mọ́? Àbí Ròsálì ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, kó bá mi fà á wọ ọkọ̀ Àjàṣẹ́? Bó bá sì wá gbà mí gbọ́, tó bi mí pé ta ló wá mú ọmọ òun wálé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?