Ẹni Tó Gbin Ẹ̀gún Sórí Òkè-Àgbò

Julianah ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní bá òun wọ sàréè. Ó ti gbìyànjú títí láti gbé e mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ní ẹ̀gún lára, ọ̀nà ọ̀fun ní í há sí. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó àgbà ilé Ọlọ́rundáre n'Ìbòkun fi dìde láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tí kò fẹnu kan oúnjẹ, tó sì sọ fún Akínkúnmi ọkọ rẹ̀ pé, "Òṣogbo ni mò ń lọ. Munawwarah ni mo fẹ́ lọ bá. Bí mo bá dé, ẹ ó gbọ́ ohun tí mo ṣe. Bó bá wá di pé ẹ fẹ́ lé mi jáde lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lé mi." Akínkúnmi ní kí ló dé, kí ló ṣẹlẹ̀. Julianah wé gèlè rẹ̀, ó lọ wọ mọ́tò.

Ká tó bá a dé Òṣogbo, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń lé e lọ.

Ilé Ọlọ́rundáre ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń pè ní Òkè-Àgbò. Nígbà tí ìjọba dí odò tó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, omi kún àfonífojì, ó bo oko kòkó, ó bo ọ̀nà, orí òkè náà nìkan ló yọ síta bí orí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó di erékùṣù. Àwọn òkè kéékèèké tó yí i ká náà di erékùṣù, àwọn aládùúgbò sì ń dáko sórí wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi rí i pé omi tó gba oko lọ́wọ́ wọn ló tún fún wọn ní ọgbà. Màlúù kò lè dé ibẹ̀ jẹ oko. Koríko burúkú tó ń da àgbẹ̀ láàmú kò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewébẹ̀ bá wọ́n káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti Òkè-Àgbò a máa tutù yọ̀yọ̀.

Munawwarah ni Bàbá Ọlọ́rundáre, baba ọkọ Julianah, fi Òkè-Àgbò fún. Munawwarah ni ìyàwó Dúrósinmí, àbúrò Akínkúnmi. Ọmọ Òṣogbo ni, ọmọ ilé Mùsùlùmí tó ń ṣe àdìrẹ, ìyá rẹ̀ àgbà ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbin ewébẹ̀ létí odò. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé náà, ilé àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àwọn kan ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Julianah ló kọ́kọ́ gbà á mọ́ra. "Màámi" ni ọmọ náà ń pè é, "Ìyàwó mi" lòun náà ń pe ọmọ náà, ó sì ti ọkàn wá.

Àfi ọjọ́ tí Bàbá sọ̀rọ̀ erékùṣù. "Ọwọ́ ọmọ yìí dára fún ewébẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ kó máa lo Òkè-Àgbò." Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Julianah rántí pé òun ti ń fọ aṣọ Bàbá, òun ti ń se oúnjẹ Bàbá, kí Munawwarah tó mọ ọ̀nà Ìbòkun. Kò sẹ́ni tó bi òun bóyá òun náà fẹ́ ilẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó mi, o kú oríire o," ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Ìlara kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí Julianah máa fi rí i, ó ti ká ẹsẹ̀ sókè nínú ilé.

Ewébẹ̀ Munawwarah ṣe dáadáa. Àwọn oníṣòwò ń wá láti Òkè-Fìà lÓṣogbo wá kó o létí omi. Nígbà tó ṣe, ó lóyún, oyún náà wúwo, kò lè tẹ̀ ba pẹ́ mọ́. Ó gbé tẹ̀tẹ̀ tó ti gbó tó sì ti so wá fún Julianah.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sá a, kí ẹ bá mi gbọn irúgbìn rẹ̀. Òun la máa gbìn tí òjò bá dá."

"Mo gbọ́, ìyàwó mi."

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe láìsí yín."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Julianah lọ ra nǹkan ní Iwaraja. Lẹ́yìn ibi tí àwọn mọ́tò Àkúrẹ́ ń dúró sí, orí ààtàn kan, ló ti rí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó ga dé ìbàdí, tí èso bò ó. Ta ni kò mọ tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún? Ẹ̀yìnkùlé wo ni kì í hù sí? Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀ tí à ń jẹ. Irúgbìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, bí ti tẹ̀tẹ̀ gan-an. Ìgbà tó bá dàgbà tán ni ẹ̀gún máa ń yọ ní oríkèé rẹ̀, nígbà yẹn ó sì ti ń so. Julianah dúró wò ó. Ó fi ìborùn wé ọwọ́, ó ṣẹ́ ẹ, ó dì í sínú ọ̀rá. Nínú mọ́tò, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò tó nǹkan. Á kàn fún un níṣẹ́ díẹ̀ ni. Á kàn jẹ́ kí Bàbá rí i pé ọwọ́ tó dára náà máa ń ṣì í ṣe. Irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi máa ń dùn létí. Nígbà tó délé, ó gbọn méjèèjì sínú igbá kan, ó fi ọwọ́ pò ó pọ̀.

Munawwarah bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Àsmá'ù. Àwọn lébìrà ló bá a fọ́n irúgbìn náà, wọn kò mọ èyí tí wọn ì bá tu. Nígbà tí ẹ̀gún yóò fi yọ, èso ti dà sílẹ̀. Atẹ́gùn gbé e, omi gbé e, ó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi Mùyídéènì, atukọ̀ tó ń gbé gbogbo wọn sọdá, tí òun náà ń gbin ata sí erékùṣù tirẹ̀. Àwọn erékùṣù kéékèèké kò mọ ohun tó dé bá wọn. Ibi tí ìyẹn ti ń so ni òmíràn ti ń hù. Ọwọ́ àwọn tó ń já ewébẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn oníṣòwò Òkè-Fìà ní àwọn kò ra ẹ̀gún, wọn kò wá mọ́.

Bàbá pe gbogbo èèyàn sí etí omi. Mùyídéènì ló ń pariwo jù. "Ibo ni irúgbìn yìí ti wá? Ẹni tó mú un wá kó jáde!"

Munawwarah pọn ọmọ, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, mi ò ṣe é. Tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn tẹ́lẹ̀ náà ni mo mú irúgbìn lára rẹ̀. Màámi ló bá mi gbọn ún. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí Julianah. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Pípò tó po irúgbìn pọ̀ burú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àbáyọ ṣì ṣí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

"Èmi kẹ̀?" ló wí. "N ò fọwọ́ kan irúgbìn kankan o. Èyí tó kó wá láti Òṣogbo ló gbìn."

Munawwarah kò sunkún. Ó kàn ń wò ó, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé jù sómi ṣe ń wo ìyá rẹ̀. Bàbá ní kó má tẹ Òkè-Àgbò mọ́. Dúrósinmí bínú, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, wọ́n kó lọ sí Òkè-Fìà, wọn kò sì padà. Julianah ni wọ́n wá ní kó gba erékùṣù náà. Ó gbà á. Kò rí ewé kan ká níbẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Julianah jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbààwẹ̀, ó sunkún lórí eékún rẹ̀. Bó bá ti jáde sí gbangba, àyà rẹ̀ a tún já. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run kọ́ lòun purọ́ mọ́.

Tèmi ọmọ rẹ̀ ló wá ṣí ojú egbò náà. Tèmi wà nílé ọkọ n'Iléṣà. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ṣéènì góòlù ìyá ọkọ rẹ̀ sọnù, òun ni wọ́n ń nawọ́ sí. "Màámi, mi ò ṣe é. Ìyàwó àgbà ilé mọ̀ pé a jọ wà ní kíṣìnnì ni. Mo ní kó bá mi sọ, ó dákẹ́." Lọ́jọ́ kejì wọ́n rí ṣéènì náà nínú aṣọ tí ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ wọ lọ sóde, wọ́n bẹ Tèmi, ọ̀rọ̀ tán. Kò tán lọ́dọ̀ Julianah. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n Munawwarah ló rí.

Bó ṣe di pé ó wọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé náà nìyẹn.

Ẹ̀yìnkùlé kan ní Òkè-Fìà ló ti bá Munawwarah, tó ń yọ aṣọ nínú aró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Julianah kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ dìde, Màámi. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé."

"Jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Èmi ni mo po tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún mọ́ irúgbìn rẹ. Iwaraja ni mo ti ká a wá. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe ni."

Munawwarah rọra sá aṣọ náà sórí okùn. "Mo ti mọ̀, Màámi. Ọjọ́ tí ẹ sọ pé ẹ ò fọwọ́ kàn án ni mo mọ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kò ní sẹ́ ìyẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ló máa gbọ́ tèmi? Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀." Ó nu ọwọ́ nù. "Mo fẹ́ dárí jì yín, in ṣáà Allāhu. Àmọ́ kì í ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ẹ ti sẹ́ mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́. Kí Bàbá gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Kí Àsmá'ù náà gbọ́ pé ìyá òun kọ́ ló ba oko jẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn pé sí etí omi: Bàbá lórí àga, Akínkúnmi, Mùyídéènì, àwọn tó ní erékùṣù, Dúrósinmí, Munawwarah àti Àsmá'ù tó ti ń lọ sí ilé ìwé. Julianah bọ́ sí àárín wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró, bí mo bá dúró n kò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Munawwarah kò kó irúgbìn kankan wá láti Òṣogbo. Èmi ni. Inú mi ló bàjẹ́ pé Bàbá fi ilẹ̀ fún un. Mo ká ẹ̀gún lórí ààtàn, mo pò ó mọ́ irúgbìn tí ọmọ yìí fi sí mi lọ́wọ́ nítorí pé ó fọkàn tán mi. Nígbà tó ní kí n jẹ́rìí òun, mo purọ́ mọ́ ọn níbi tí mo dúró sí yìí, tòun tọmọ lẹ́yìn. Mùyídéènì, èmi ni mo ba oko ata rẹ jẹ́, mo sì ń wọ ọkọ̀ rẹ lójoojúmọ́, mo ń kí ọ kú iṣẹ́. Bàbá, mo jẹ́ kí ẹ lé ọmọ yín jáde. Ẹni burúkú ni mí. Ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é."

Mùyídéènì sọ àjẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ata mi, Màámá! Ẹ tún wá ń kí mi kú iṣẹ́!" Ó yí ẹ̀yìn padà, ó dojú kọ omi. Akínkúnmi bo ojú. Bàbá ṣí fìlà, ó kọjú sí Munawwarah.

"Julianah ló gbin ẹ̀gún," ni Bàbá wí, "ṣùgbọ́n èmi ni mo lé ọ. Mo gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, mo dá a. Ọmọ mi, dákun, má bínú sí mi."

Munawwarah wólẹ̀ lórí eékún. "Bàbá, ẹ dé fìlà yín, ẹ jọ̀ọ́." Ó wá wo Julianah. "Màámi, mo ti dárí jì yín. Ó ṣì ń dùn mí o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo ti dárí jì yín."

Julianah sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí Àsmá'ù fi lọ dì í mú lẹ́sẹ̀.

Munawwarah ló tún sọ ohun tó kàn. Ó ní koríko kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n tu ú nígbà tó bá ṣì kéré, kó má ráyè yọ òdòdó, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Láti ọjọ́ náà, Julianah kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣíwájú òun dé erékùṣù Mùyídéènì. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ́ àti ọwọ́ ara rẹ̀. Mùyídéènì gbé e sọdá títí, kò bá a sọ̀rọ̀, ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Màámá, ẹ rọra, ẹ̀gún wà lápá ibẹ̀ yẹn." Òjò ọdún kìíní, ẹ̀gún ṣì pọ̀. Òjò ọdún kejì, ó dín kù. Ní báyìí, ata ti ń pọ́n lóko Mùyídéènì, apá kan Òkè-Àgbò ti mọ́ pátápátá. Munawwarah kò kó padà wá sí Ìbòkun, ṣùgbọ́n ó máa ń wá ṣe oko rẹ̀, àwọn oníṣòwò Òkè-Fìà sì ti tún mọ ọ̀nà etí omi.

Bí ìyàwó tuntun bá wọ ilé Ọlọ́rundáre, Julianah kì í jẹ́ kó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ẹlòmíràn. Láìpẹ́ yìí, ó ń sọ ọ́ fún ọ̀kan létí ewébẹ̀, bí wọ́n ti jọ ń tu koríko.

"Ọmọ mi, ìlara á wá bá ọ, nítorí pé èèyàn ni ọ́. Bó bá dé, má gbé e wọ yàrá. Lọ bá ẹni tí ò ń jowú, kí o sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ká ní mo ti sọ fún Munawwarah lọ́jọ́ yẹn pé, 'Ìyàwó mi, ó dùn mí pé Bàbá kò fi ibẹ̀ fún mi,' mo mọ ọmọ yẹn: ìdajì ni ì bá gé fún mi."

Munawwarah gbórí sókè láàárín ewébẹ̀. "Ìdajì kẹ̀, Màámi? Apá ibi tó dára jù ni ǹ bá fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ yìí, àwọn Òkè-Fìà ti dé."