Ẹṣin Bàbá Kò Yẹ Nínú Ìwé

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Otokiti, àárín bàbá kan tó ń sin ẹṣin àti akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ẹṣin àmúlùmálà sílẹ̀ ni mo há sí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Akọ láti Sudan àti abo ìbílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bí i, òfin wa nìyẹn. Ìyá ẹṣin tiyín, àmúlùmálà ni òun náà."

"Ṣebí àmúlùmálà lẹ ní ẹ̀ ń wá? Ó ti wá pọ̀ jù?"

"Òfin ni, bàbá."

"Ìwọ akọ̀wé ńkọ́, ọmọ mi? Kí ni ìran tìẹ?"

"Ọ̀wọ́rọ̀ ni bàbá mi. Ìgalà ló bí ìyá mi, àmọ́ Nupe ni ìyá tiẹ̀."

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá forúkọ tìẹ sílẹ̀, wá mú ti ẹṣin mi."